Etí Ògiri Ọwọ́ Òsì

Ìfura ni wọ́n ń pe akunlé kan. Bó bá ra ọ̀dà, á ṣí ike rẹ̀ níṣojú ẹni tó tà á, á fi igi rò ó dé ìsàlẹ̀, á ní, "Páńsá ò fura, páńsá já síná." Kì í ṣèèyàn burúkú o. Ṣùgbọ́n bó o bá rẹ́rìn-ín sí i, àfi kó o ṣàlàyé ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, dókítà ní inú ẹyinjú ló wú. Ó fún un ní oògùn sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń kán sójú, oògùn ọ̀hún sì jẹ́ gan-an. Ni dókítà bá ní kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wá wọn ìfúnpá inú ojú, torí oògùn yìí lè gbé e sókè láìsí ìrora, kó sì ba ojú jẹ́.

Ìfura wò ó títí. Ta ló ń gba oògùn tó ń jẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn, bí kò bá fẹ́ kí àìsàn padà? Kò padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Kẹ́míìsì ló ti ń rà á, ó ń fi ìgò rẹ̀ sápò ṣòkòtò iṣẹ́.

Nígbà tó yá, gílóòbù ń yọ òṣùmàrè lójú rẹ̀. Ó ní ayédèrú gílóòbù ni wọ́n tà fóun. Ó ń fẹsẹ̀ kọ àga. Ó ní ìyàwó òun ló ń sún un.

Ìyàwó ní, "Bàbá wọn, ibẹ̀ ni mo bá àga yìí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé mi wọlé."

Lọ́jọ́ kan, ó ká Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kunlé láti ìgbà àpọ́n, mọ́ ìdí ògiri tóun ti kùn tán, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo kàn ń tún etí rẹ̀ ṣe ni."

"Irọ́ ni. O fẹ́ bà mí jẹ́ lójú onílé, kó o lè gbaṣẹ́ mi."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ilé tó tẹ̀ lé e, Ìfura nìkan ló kùn ún. Ó ti yàrá pa kó tó lọ jẹun, ìgbà tó dé ló ṣí i fún obìnrin onílé.

"Ẹ ò tíì parí ni?" Obìnrin náà nawọ́ sápá òsì.

Ìfura yí gbogbo orí kó tó rí i. Etí ògiri wà níbẹ̀ láìkùn, láti òkè délẹ̀. Ta ló wọlé? Ó tọwọ́ bàpò wá kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ìgò oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Gbogbo ayé ló ti fura sí, àfi ìgò yìí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Nígbà tó padà lọ, dókítà wọn ìfúnpá náà, ó ti ga kọjá ààlà, ti ojú òsì ló le jù. Ó pààrọ̀ oògùn. "Ìríran tó ti lọ ò ní padà mọ́, bàbá. Ìyókù la máa dáàbò bò."

Láti ibẹ̀, ilé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló gbà lọ.

"Ó ti tó ìgbà wo tó o ti ń bá mi kun etí ògiri?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé o máa gbà mí gbọ́?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lápá òsì Ìfura, ó wá jókòó sápá ọ̀tún níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lè rí i.