Kòkó Kì í Pariwo

Bí àlùfáà ṣe ní kí á di ojú fún àdúrà ni ẹ̀rọ etí Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. "Fíí! Fíí!" Abẹ́ gèlè tó wé dí i ni ohùn náà ti ń jáde. Àwọn tó wà níwájú wa la ojú kan, wọ́n rò pé ọmọdé ló mú fèrè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n sì kọjú sí. Yèyé nìkan ni kò gbọ́. Ó ń ṣe "Àmín" tirẹ̀ lọ, bí kò bá ṣáájú ìjọ, á gbẹ̀yìn wọn. Mo fà á láṣọ, mo tọ́ka sí etí mi. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó dì í sínú áńkáṣíìfù, àdúrà sì ń bá a lọ.

Ìyá bàbá mi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ayédé-Èkìtì ni mo gbé nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí Ìbàdàn ni àwọn òbí mi ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ló mú un lọ bá dókítà etí ní Ìbàdàn, ó sì kìlọ̀ fún un pé ojoojúmọ́ ni kó máa lo ẹ̀rọ náà. Yèyé ní òun ti gbọ́. Bó ṣe délé, ó kó o sínú àpótí tí àwọn léèsì rẹ̀ wà pẹ̀lú kámfọ̀, ó sì tì í. Lójú tirẹ̀, ohun tí dókítà Ìbàdàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ fún èèyàn, ohun ìmúròde ni. Ta ní í wọ léèsì fọ ìkòkò?

Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dán an wò ní ilé ìdáná, mo gbé ìdérí ìkòkò kalẹ̀, ó fò sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Bátìrì rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí méjì kú, Yèyé sá wọn sóòrùn bí gbogbo wa ti máa ń sá bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Àárín kòkó ló sá wọn sí, adìẹ sì gbé ọ̀kan mì. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ adìẹ yẹn bóyá yóò máa gbọ́ràn jù wá lọ.

Kòkó gan-an ni wọ́n mọ Yèyé mọ́. Bó bá ti ń gbẹ lórí ẹní, tí òórùn kíkan rẹ̀ ń lọ, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbé e sún mọ́ etí, á gbọ̀n ọ́n. Kòkó tó gbẹ a máa dún wóró-wóró, èyí tí kò gbẹ a dákẹ́. Òun ló ń bá àwọn aládùúgbò gbọn tiwọn pẹ̀lú. Nígbà tí etí rẹ̀ kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbọn kòkó, ó ń mi orí, ó ń ní, "Ó ti gbẹ." Lọ́dún yẹn, ọkùnrin tó ń ra kòkó la hóró kan lójú gbogbo èèyàn, inú rẹ̀ ti bu, ó funfun.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "N ò lè gbé eléyìí."

Ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kọjá sílé kejì. Látìgbà náà, kò sí aládùúgbò tó tún pè é pé kó wá bá òun gbọn kòkó. Ó dùn mí gan-an, mo sì kórìíra ọkùnrin yẹn, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ.

Ìkórè tó tẹ̀lé e, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan tí mo ti ilé-ìwé dé, mo mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, mo sì yọ ẹ̀rọ náà nínú àpótí. Yèyé ń yí kòkó ká lórí ẹní. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ yìí! Ṣé Sọ́ńdè lòní ni? Mú un padà s'ulé!"

Mo pariwo dé ibi tí ohùn mi mọ: "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbọ́ kòkó!"

Ó wò mí. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ki ẹ̀rọ náà bọ etí. Kò wé gèlè, fèrè kò sì dún. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbọ̀n ọ́n. Ó bu òmíràn, ó tún gbọ̀n ọ́n.

"Éè tí ì gbẹ," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ní kí á kó o sápò.

Ọjọ́ mẹ́ta la tún fi sá a. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí, ó gbé ẹ̀kúnwọ́ sí etí mi, ó gbọ̀n ọ́n: wóró-wóró. Ọkùnrin tó ń ra kòkó wá, ó la hóró kan wò, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ etí di ohun iṣẹ́. Nígbà tí bàbá mi wá ṣe Àjíǹde, ó rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì pé etí ìyá rẹ̀ ṣófo, inú bí i.

"Màmá, ẹ̀rọ yín dà?"

"Ó wà n'ulé. Àlùfáà yín ń pariwo tó. Kòkó ni kì í pariwo."

Bàbá mi náà ti dàgbà báyìí, etí tirẹ̀ ti wúwo. Inú àpò awò ojú ni ẹ̀rọ tirẹ̀ máa ń wà. Mo kọ́kọ́ bá a jà bó ṣe bá ìyá rẹ̀ jà: ẹ wọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́. Ó ní ariwo lásán ló ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rántí ẹní kòkó Yèyé, mo sì rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n ti bi í. Mo jókòó tì í, mo sún mọ́ etí rẹ̀.

"Dádì, kí lẹ fẹ́ gbọ́?"

Ó na ọwọ́ sí àpò awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ ni," ó ní. "O kì í pariwo."