Gìtá tí Ògúnlẹ́yẹ Rà ní Òṣogbo

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ọkọ mi Ògúnlẹ́yẹ jẹ́, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀, nítorí irọ́ ni yóò pa fún yín. Yóò ní ẹni jẹ́jẹ́ ni òun. Èmi Julianah ìyàwó rẹ̀, tí mo ti wà nílé rẹ̀ láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé, ni kí ẹ bi. Òṣómàáló ni. Ó ru aṣọ láti Iléṣà wa títí dé àwọn ìlú tí n kò lè pe orúkọ wọn, ó fi aṣọ sílẹ̀ fún àwọn èèyàn láìgba kọ́bọ̀, bí ọjọ́ owó bá sì pé, yóò lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Kò ní jókòó, kò ní dìde, kò ní mu omi. "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ iṣẹ́ náà. Ó lóṣòó débi pé orókún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n gbèsè kankan kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Ọkùnrin tí agídí rẹ̀ tó báyìí ni ọmọ-ọmọ wa Àpìkẹ́ ń yí bó ṣe wù ú.

Àpìkẹ́ ni ọmọ Ọláfúnkẹ́, àkọ́bí wa. Oko kòkó lọ́nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni ìyá àti bàbá rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ wa ní Iléṣà ló ń gbé kí ó lè máa lọ sílé ìwé. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Òsì ló fi ń gbálẹ̀, òun ló fi ń sọ òkò, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ nà bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní nǹkan. Ẹ kúkú mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ. Wọ́n á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Wọ́n á ní ta ló tọ́ ọ. Ní ilé ìwé, Tíṣà Láńrewájú tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà wa fi àkísà so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn kó lè fi ọ̀tún kọ̀wé, ọjọ́ tí àkísà bá sì já, pàṣán ni. Ó kọ́ ọ̀tún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò fẹ́ ṣe ohunkóhun lójú èèyàn mọ́. Bí àlejò bá wọlé, yóò ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ aṣọ bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, n ó sì bínú sí gbogbo agboolé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọdún 1957 ló yege ìdánwò ìwé mẹ́fà, tí wọ́n sì gbà á sí ilé ìwé módà. Inú ọkọ mi dùn, ó wá sọ ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀: "Àpìkẹ́, sọ ohun tó o bá fẹ́, n ó rà á fún ọ." Mo rò pé bàtà ni yóò pè. Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní, "Gìtá ni, Bàbá."

Ó ti rí i níbi ìgbéyàwó kan tí a lọ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sábẹ́ igi, ó ń ta gìtá, Àpìkẹ́ sì dúró tì í títí wọ́n fi pín oúnjẹ tán láìjẹ nǹkan kan.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ta nǹkan yẹn, lójú gbogbo ayé sì ni. Bí ẹ bá rà á tán, tí wọ́n bá tún torí ẹ̀ na ọmọ yìí, yóò gbé e sílẹ̀, kò sì ní tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wa mọ́ láyé."

Ó ní, "Julianah, ọmọ tí kì í tọrọ nǹkan ló tọrọ yìí. Di obì tó ò ń tà, à ń lọ Òṣogbo."

Bọ̀lẹ̀kájà la wọ̀. Kí ọkọ̀ tó jáde ní Iléṣà, ọkọ mi ti sọ fún gbogbo èrò pé gìtá ni òun ń lọ rà, kálukú sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnì kan ní èyí tó bá wúwo jù ni ká mú. Òmíràn ní bó bá ti ń dán, kò sí ẹjọ́. Bàbá arúgbó kan ní ká rí i dájú pé takọtabo ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Èmi tí mo ń bẹ̀rù láàárọ̀, inú mi ti ń dùn kí á tó rìn dé ìdajì ọ̀nà.

Nígbà tí a dé Òṣogbo, tí mo ti já obì mi fún àwọn oníbàárà mi, a dé ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá rélùwéè, ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdíját. Giramọfóònù, táyà kẹ̀kẹ́, fìtílà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gìtá mẹ́ta rọ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀kan pupa fòò, wọ́n ya òdòdó sí i láyà. Èkejì dúdú, ó sì tóbi. Ẹ̀kẹta kò ní ẹwà kankan, àwọ̀ igi lásán ni, nǹkan sì ti ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkọ mi kò mọ nǹkan kan nípa gìtá, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ. Ló bá ń yẹ gìtá wò bí wọ́n ṣe ń yẹ aṣọ wò. Ó fọwọ́ pa á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn. Kí n tó bi í pé kí ló ń ṣe, ó ti tutọ́ sí hańkáṣíìfù, ó sì fi nu àyà gìtá pupa. Hańkáṣíìfù pọ́n.

"Ó ń ṣí!" Ó pariwo bí ẹni tó mú olè. "Julianah, ó ń ṣí! Bí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó di funfun!"

Àdíját ní, "Bàbá, ta ní ń fọ gìtá?"

"Ta ní ń sanwó ẹ̀?" ni ọkọ mi fi dá a lóhùn.

Ó ní kí Àdíját ta méjì tó kù kí òun gbọ́ ohùn wọn. Obìnrin náà ní títà ọjà ni òun mọ̀, òun ò mọ títa okùn. Àbúrò òun Táòfíkì ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó di ẹ̀yìn ìrun alásárì. Ọkọ mi ká ṣòkòtò sókè, ó sì lóṣòó sáàrin ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ dìde, àga wà níbí."

"Àga kọ́ ni mo wá rà. Ibí ni n ó wà títí n ó fi gbọ́ ohùn ẹ̀."

Àdíját wò ó dáadáa, ó pàtẹ́wọ́. "Wàláì, Ìjẹ̀ṣà ni yín! Irú yín ló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, títí bàbá mi fi lọ yá owó aṣọ lọ́wọ́ ìyá mi!" Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín pa èmi náà, àwọn oníbàárà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi kọjá wọlé. Nígbà tó rí i pé kò ní dìde lóòótọ́, ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé bó bá ti kírun tán, kó sáré wá kí òṣómàáló má baà lé èrò òun lọ.

Táòfíkì dé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mú gìtá dúdú, ó tẹ okùn rẹ̀, ó mi orí. "Okùn ẹ̀ ga sókè jù, Bàbá. Ọmọdé tó bá ń tẹ eléyìí, ìka á máa bó o." Ó gbé e kọ́ padà. Lẹ́yìn náà ló mú èyí tí kò lẹ́wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohùn mọ́ jáde láti inú igi lásán yẹn, ó ń tò, ó ń sáré, ó ń padà wá. Àwọn tó ń ti rélùwéè bọ̀ gbé ẹrù dúró. Mo gbé agbọ̀n mi sílẹ̀, mo sì jó bí ẹni pé kò sí ọkọ mi níbẹ̀. Òun kò tilẹ̀ wò mí. Ọwọ́ Táòfíkì ló tẹjú mọ́.

"Dúró ná. Ọwọ́ tó ń sáré lọ́rùn gìtá yẹn, ọwọ́ wo ni?"

"Òsì ni, Bàbá."

"Òsì!"

"Ẹ̀n. Ọ̀tún kàn ń ta okùn ni. Òsì ló ń wá orin."

Ọkọ mi fò dìde. "Julianah, ṣé ùwọ gbọ́? Òsì ló ń wá orin! Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́! Ọwọ́ tí wọ́n ń lé kiri ní ulé, uṣẹ́ ẹ̀ rèé! Ta ló máa torí gìtá nà án báyìí?" Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

Ó ná an títí Àdíját fi ní kó máa gbé e lọ kí òun lè ríbi sinmi. Gìtá náà kò wọ́n, ìhà tí nǹkan ha yẹn sì tún bu owó rẹ̀ kù. A fi aṣọ wé e. Gbogbo èrò bọ̀lẹ̀kájà tó gbé wa padà ló gbọ́ ìwàásù òsì tó ń wá orin, àwọn tó sùn pàápàá.

Ìròyìn ti ṣáájú wa dé ilé. Agboolé kún. Ọkọ mi ní kí wọ́n pe Tíṣà Láńrewájú, nítorí òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han ọmọ. Ó tú aṣọ. Àpìkẹ́ ké, ó sáré wá, ó na ọwọ́ òsì láti gbà á. Ìgbà náà ló rí Tíṣà. Ó fa ọwọ́ yẹn padà, ó na ọ̀tún. Ojú rẹ̀ fà ro.

Ọkọ mi kò kíyè sí i. Ó gbé gìtá lé e nítan bí Táòfíkì ti ṣe, òsì lọ́rùn, ọ̀tún lórí okùn. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ni Tíṣà wí, "ọ̀tún ni kí o fi ta á." Ọmọ náà gbìyànjú. Ìka ọ̀tún ń ṣi okùn tẹ̀, gìtá ń kùn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àpìkẹ́ gbé e sílẹ̀ lórí ẹní, ohun tí mo bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ ló dé yìí.

Ó wò ó. Ó tún gbé e, ó yí i padà, ọrùn gìtá bọ́ sí ọ̀tún, òkè di ìsàlẹ̀, òsì sì bọ́ sórí okùn. Ó ta ọ̀kan. Ó ta òmíràn. Ẹ̀kẹta kò bọ́ sí i, ó padà sẹ́yìn, ó tún un ta. Díẹ̀díẹ̀, orin ìgbéyàwó Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó kọ́kọ́ ń tiro, ó wá ń rìn.

"Rárá o!" Tíṣà na ọwọ́ láti yí i padà. "Ó ti dorí ẹ̀ kodò! Bàbá, òsì ló mà fi ń ta á!"

Gbogbo ojú yí sí ọkọ mi. Ìwàásù tó fi dá wa lágara láti Òṣogbo, ọmọ náà ti dojú rẹ̀ dé lójú gbogbo agboolé, ọ̀tún ló wá ń wá orin. Mo mọ ojú tí Ògúnlẹ́yẹ máa ń ṣe bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ di òpùrọ́. N kò rí ojú náà lọ́jọ́ yẹn. Ó rọra di ọrùn ọwọ́ Tíṣà mú.

"Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́. Gìtá ni mo rà ní Òṣogbo. Ọwọ́ ti wà lára ọmọ náà kí n tó kúrò ní ulé."

Tíṣà wò ó, ó wo ọmọ náà. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Àpìkẹ́ ní, "Ṣé kí n máa ta á lọ, Bàbá?"

"Ta á kí ìyá ẹ gbọ́ ọ dé oko."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ta á. Mo so gèlè mi mọ́ ìdí, mo bọ́ sáàrin agbo.