Sàráà fún Oògùn Tó Lọ Sójú Sánmà

Ilé iṣẹ́ oògùn ní Sàńgò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí màmá mi sọ pé òun kò gba díríìpù jẹjẹrẹ mọ́, mo rò pé àlàyé lásán ni mo máa fi yí i lọ́kàn padà. Ẹni tó bá fẹ́ bá màmá mi jiyàn, kó ti jẹun yó ná. Iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti sá pamọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá ń gún un kiri, èmi ni mo máa ń sunkún.

Mo wá sọ fún un nípa sátẹ́láìtì kékeré kan tí wọ́n kó oògùn sí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú sánmà.

“Kí ló ń wá lọ síbẹ̀?”

“Màmá, ṣé ẹ rí bí ògì ṣe máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ike? Lọ́hùn-ún, nǹkan kì í wúwo, kì í silẹ̀. Hóró oògùn á dọ́gba. Oògùn díríìpù lè wá di abẹ́rẹ́ kékeré lápá.”

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo bá a nídìí àkàrà, àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Ojú-Oore ti yí i ká.

“Sàráà arìnrìn-àjò ni,” ó ní. “Kí oògùn yẹn lè padà dé láyọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe nígbà tí bàbá mi ń wa tírélà lọ sókè Ọya. Inú bí mi, ẹ̀rín sì pa mí. “Màmá, irin ni o!”

“Irin náà ní ilé. Pín àkàrà.”

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká lọ sí ọsibítù ni mo rí i lórí fóònù pé sátẹ́láìtì yẹn ti padà balẹ̀. Mo sáré lọ sọ fún màmá mi. “Alhamdulillahi!” ló fi bọnu. Mi ò fẹ́ kó gbé ìrètí lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

“Màmá, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Ó lè pẹ́ gan-an. Ó lè má kàn yín.”

Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti sọ di dúdú.

“Mo mọ̀. Ọmọ ẹlòmíì á gbà á. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣe sàráà kí irin lè délé, ṣé kí n wá jókòó sáàárín ọ̀nà tèmi? Gbé ìbòrí mi wá, ká máa lọ gba díríìpù.”