Ìwé Bàbá Wà ní Yàrá Méjì

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ojú fèrèsé ilé wa lọ ní Ọ̀sì ni bàbá mi kú. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo rántí rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ mi. Kò ní pẹ́.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó ń gbin iṣu, ó ń gbin gbágùúdá àti àgbàdo. Ó ti fẹ́ ìyàwó méjì kó tó di onígbàgbọ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀ṣì wa kò jẹ́ kó jẹ Oúnjẹ Olúwa, ká má tilẹ̀ sọ pé kó gun àga ìwàásù. Ẹlòmíràn ì bá bínú kúrò ńbẹ̀. Bàbá mi kò bínú o. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé ló lọ rà, ó sì ń fi ṣe àga ìwàásù tirẹ̀. Láràárọ̀, kó tó gbé àdá lọ sóko, yóò kọ ẹsẹ Bíbélì kan, ìtàn kékeré kan àti àdúrà.

Yèyé ni mò ń pe ìyá tó bí mi lọ́mọ. Òun ni ìyálé, kò sì mọ A yàtọ̀ sí B. Ìyàwó kejì, tí à ń pè ní Ìyá Kékeré, kàwé dé ìwé mẹ́fà. Bàbá a máa sùn lọ́dọ̀ Yèyé lónìí, lọ́dọ̀ Ìyá Kékeré lọ́la. Yàrá tó bá jí sí, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ̀wé, ìwé tó wà ńbẹ̀ ló sì ń kọ ọ́ sí. Nígbà tó wá kú, àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní ohun tó bá wà nínú yàrá obìnrin, tirẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bàbá mi ṣe pín sí méjì nìyẹn, tí kò sí ẹni tó fura.

Tíṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Ìlọrin. Ó ní òun mọ atẹ̀wé kan níbẹ̀, pé bí ìwé bàbá bá pé, òun yóò mú un dání lọ. Ni Ìyá Kékeré bá wá kúnlẹ̀ níwájú Yèyé, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kó tiwọn wá kí òun lè dà á kọ. Yéè! Ó kan ìjà.

Yèyé ní, "Wọ́n mọ̀wé, wọ́n fẹ́ fi jogún mi! O bá mi pín ọkọ, n kò wí nǹkan kan. Èyí tó kù mí kù yìí náà lo tún fẹ́ gbà?"

Ó kó àwọn ìwé náà, ó gbé wọn sórí àjà ibi ìdáná, níbi tí à ń kó àgbàdo tí a ó gbìn sí kí èéfín lè lé kòkòrò. Ẹyọ kan ló fi sílẹ̀, èyí tí èmi tí mo ti ń lọ iléèwé ń kà fún un ní àdúrà òwúrọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn méjì jí nínú ilé kan ṣoṣo kí wọ́n má kíra? Oúnjẹ pàápàá kò dùn lẹ́nu àwa ọmọ.

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò jẹ́ kí Yèyé sinmi. Ibì kan wà ńbẹ̀ tí bàbá kọ pé, "Obìnrin tí a fi sílẹ̀ lánàá létí odò, tó ń sunkún, ẹ jẹ́ ká padà lọ bá a." Yèyé ní, "Obìnrin wo? Kí ló ń pa á lẹ́kún?" Mo ṣí ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ iṣu ni mo bá. Mo ṣí iwájú, ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀ ni, n kò sì mọ̀ pé òun kan náà ni. Bí a bá ń bó gbágùúdá, Yèyé a ṣàdédé kọ háà, a ní, "Kí ló tilẹ̀ pa obìnrin yẹn lẹ́kún?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo tún ka ojú ewé náà, Yèyé sì tún mí kanlẹ̀. A kàn gbọ́ ohùn láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ rẹ̀ ló sọnù lọ́jà, ìyálé mi."

Yèyé bèèrè pé, "Ṣé ó padà rí i?"

"Ó rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e délé, ọkọ rẹ̀ ní kí ló dé tí kò fi wo ọmọ. Èsì tó fún ọkọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ yín ló wà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ ni mo ti ń wá a."

Mo yára ṣí iwájú ìwé náà. Mo rí i! Mo fi gbogbo ohùn kà á kí ó lè dé òdìkejì: obìnrin náà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kọ́ ló gba ọmọ náà là, pé obìnrin mìíràn tí òun kò mọ̀ rí ni òun bá tó gbé e sẹ́sẹ̀, tó ń fún un ní omi mu.

Yèyé dìde. Ó gun àpótí, ó kó gbogbo ìwé sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ó fi aṣọ nu èérí ara wọn. Ó wá ké jáde pé, "Ìyàwó, gbé ẹní bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀." Ìyá Kékeré bú sẹ́kún, èmi náà bá a sun ún.

Ẹ má wò ó pé Ìyá Kékeré tó ń dà á kọ nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá kò kọ ọjọ́ sí i, òmíràn nínú ewé ìwé sì ti já. Bí Ìyá Kékeré bá ti ka ọ̀kan, Yèyé a ní, "Rárá, èyí kọ́ ló kàn. Ọjọ́ tó kọ èyí, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ìyẹn ló fi ń sọ̀rọ̀ sùúrù." Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe tò, tó sì pé kí tíṣà tó lọ.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé, Yèyé gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìka tọ ojú ewé. Ó ní, "Ìyàwó, èwo ni tèmi ńbẹ̀?"

Ìyá Kékeré ní, "Ìyálé mi, mo ti wá a tì. Wọ́n ti wọnú ara wọn." Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ayé ti yí. Lónìí, kí ẹ tó fọ ẹnu, ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ ti wọlé sórí fóònù yín. Kò burú, èmi náà ń kà á, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí baálé ilé bá sì kú nísinsìnyí, kóòtù ni àwọn ìyàwó mìíràn ti ń pàdé.

Lọ́dún yìí, a tún ìwé bàbá tẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lára ti àkọ́kọ́, mo sì ní kí wọ́n kọ ti àwọn ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ pè mí, ó ní, "Màmá, ta ni kó ṣáájú?" Mo ní kó fi ìyálé ṣáájú o! Yèyé kò ní gbà á bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀run tó wà yẹn náà. Ìyá Kékeré ni kò ní bínú. Ìgbà tó kúnlẹ̀ bẹ Yèyé lọ́jọ́ kìíní, ìyá mi lé e lọ, síbẹ̀ "ìyálé mi" náà ló pè é nígbà tó máa tún la ẹnu bá a sọ̀rọ̀.