Àyè Funfun Inú Ìwé Ìyá Wa

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n. Ọ̀dọ̀ bàbá wa ni mo ti jogún rẹ̀. Oko wọn lẹ́yìn Lalupon bá ti ẹnìkan pààlà, pèrègún ni wọ́n sì gbìn sójú ààlà náà. Lọ́dọọdún ni pèrègún yẹn ń rìn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a padà dé oko, a ó bá a pé ó ti sún wọ inú ilẹ̀ wa díẹ̀, ẹni tí a jọ pààlà á sì máa búra pé òun ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè dé ìdí pèrègún gan-an. Wọ́n á ní, "Ibi tóo bá fi sílẹ̀ láìkọ ebè sí, o ti fi í tọrẹ nìyẹn."

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tán kí n tó kọ ìwé kan, ìwé pẹlẹbẹ, lórí ìyá wa. Ọmú ni mo ṣì ń mu nígbà tí wọ́n kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi. Àwọn nìkan ló kù tó mọ ìyá wa dáadáa, àwọn ló sì sọ gbogbo ìtàn náà fún mi nídìí agbada gàrí wọn, tí mo ń kọ ọ́. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ilé kéwú àdúgbò wa. Ojú wọn sì ti ń ṣú. Ọ̀kan ti lọ, èkejì ń tẹ̀ lé e. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí.

"Má pẹ́ o. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi kà á. N ò fẹ́ kẹ́nì kan kà á fún mi."

Ọmọbìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ẹgbẹ́dá ló bá mi to ìwé náà. Ohùn rẹ̀ tutù, ìyẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ẹni tó bá ń fohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, àpò mi ni mo máa ń dì mú. Ó ṣí ojú ìwé méjì sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Mo wò ó, mo tún un wò. Àyè funfun tó wà láàrín, níbi tí ojú ìwé méjèèjì ti pàdé, fẹ̀ ju ti etí ìta lọ.

"Kí lèyí?" ni mo bi í.

"Ibi tí wọ́n máa fi gọ́ọ̀mù dì pọ̀ ni, bàbá. Tí ẹ ò bá fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, ìwé yẹn máa gbé ọ̀rọ̀ mì."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Etí ìta yé mi: àtàǹpàkò ẹni tó ń kàwé gbọ́dọ̀ ríbi dì í mú. Ṣùgbọ́n inú ńkọ́? Èmi ni mo ni ojú ìwé ọ̀tún, èmi náà ni mo ni ti òsì. Ta ló ń pààlà láàrín oko ara rẹ̀ méjì? Ó dá mi lójú pé ńṣe ló fẹ́ kí ìwé náà nípọn, kí òun àti àwọn tó máa bá wa tẹ̀ ẹ́ lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Mo yọ rúlà ìgbà tíṣà mi jáde nínú báàgì, mo fi í wọn ojú kọ̀ǹpútà. Mo ní kó fa ọ̀rọ̀ náà wọnú, kí àyè yẹn kù bíńtín.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan tí wọ́n ti dì hàn yín ná."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Ohun tí mo ní kóo ṣe ni kóo ṣe."

Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà lásán tí wọn ò tíì dì pọ̀, pé kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e délé, mo fi rúlà wọn ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọ nù. Ọ̀rọ̀ wo wá ni nǹkan gbé mì níbí? Nígbà tí mo padà lọ, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀, kí n sì fọwọ́ sí i. Ara tún fu mí sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló fẹ́ fi ẹ̀rí ṣe? Síbẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ tí ìwé dé, mo ka iye tó wà nínú páálí lẹ́ẹ̀mejì. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá wọ́n ti ki orúkọ ẹlòmíràn bọ̀ ọ́. Kò sọ sí mi lọ́kàn láti ṣí àárín rẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé èmi àti páálí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì lójú.

Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ìka wọn rìn dé àárín, ó kó sínú kòtò ibẹ̀, ó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ní ojú ìwé òsì, ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan ti rì sínú gọ́ọ̀mù. Ní ti ọ̀tún, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni kò sí. Ojú tì mí gidigidi. Mo rántí ọmọbìnrin Ẹgbẹ́dá yẹn, pẹ̀lú ohùn tútù tí mo torí rẹ̀ kà á sí olè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò dúró. Ìtàn tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ni, torí náà, ibi tí ìlà bá ti sọ nù, wọ́n ń parí rẹ̀ fúnra wọn.

"Bí ìyá wa bá ń ti oko bọ̀," wọ́n kà á, wọ́n sì fi kún un láìwo ìwé, "ikọ́ wọn ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ, títí ọkàn mi fi ń balẹ̀. Àfi ìgbà tí a dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n sọ fún mi. Èmi ni mo kọ ọ́ láti inú ara mi, n kò sì fi hàn wọ́n rí.

"Ìyá kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé mi ni..." Ìka wọn kó sínú kòtò. Wọ́n gbójú sókè. "Ta ni?"

Láti kékeré mi, n kò sọ ọ́ fún wọn rí. Torí kí n má baà wo ojú wọn sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n wò mí títí. Ọmọ bàbá wa làwọn náà.

"Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, àbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó torí mo bi ọ́ ni?"

"Ó wà níbẹ̀."

Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n gbé ìwé lé orúnkún, wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ àárín rẹ̀ títí gọ́ọ̀mù fi ya, tí ojú ìwé náà já sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú kan tó kù, wọ́n wá ìparí ìlà yẹn, wọ́n rí i. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ká bébà náà, wọ́n fi í há ìbàdí ìró wọn, wọ́n sì dá ìyókù ìwé padà fún mi.