Fùréjọ̀n Tí Mo Gbé fún Ayálégbé Wa

Òórùn omi àgbọn ló máa ń jí wa láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere nílé wa nítòsí Ẹnu Ọ̀wá l'Ékòó. Àgùdà ni wá. Ìyá àgbà, tí ó ni ilé, yóò se ẹ̀wà, yóò lọ̀ ọ́, yóò sì fi omi àgbọn àti ṣúgà sè é títí yóò fi kì. Fùréjọ̀n nìyẹn, ọbẹ̀ ẹja aláta ni a fi ń jẹ ẹ́. Àwa tí à ń fi iyọ̀ àti ata jẹ máńgòrò, kò yà wá lẹ́nu kí adùn àti ata pàdé.

Lọ́dún kan láàárín àwọn ọdún 1970, ìyá kan láti Èkìtì àti ọmọbìnrin rẹ̀, tó di ọ̀rẹ́ mi, gba yàrá kan nílé wa. Ìyá àgbà gbé abọ́ méjì fún mi pé kí n gbé fún wọn: fùréjọ̀n nínú ọ̀kan, ẹja nínú èkejì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo jẹ ẹja náà tán, mo sì gbé ìyókù wọlé.

"Kí la fi ń jẹ ẹ́, ọmọ mi?"

"Báyẹn náà ni, mà."

Ó tọ́ ọ wò. Ó rò pé ẹni tó sè é ló ṣi ṣúgà mú dípò iyọ̀, kò sì fẹ́ dójú ti onílé. Ó da epo, iyọ̀ àti ata sí i, ó gbé e kaná. Mo sáré pe àwọn ọmọ ilé.

"Ẹ wá wo ará òkè! Ó ń fi epo ro fùréjọ̀n!"

"Ẹ gún un bí iyán!" ni àwọn yòókù ń ké.

Ariwo wa gbé ìyá àgbà jáde. "Oúnjẹ Ẹtì Rere lo da epo sí? Ẹja tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí ẹja kankan o!" ni ọ̀rẹ́ mi ké.

Ìyá àgbà yíjú sí mi. Mo ní mo gbé e fún wọn.

"Ọmọ-ọmọ mi wá di olè?"

Ìyá náà wò mí. Ó ti mọ̀. Ó gbá ọmọ rẹ̀ létí. "Dákẹ́! Àgbà ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ wá ilé mìíràn," ni ìyá àgbà wí.

Kí oṣù tó parí, wọ́n di ẹrù wọn. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò wo ojú mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo fi òwe yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò sọ fún wọn rí pé èmi náà dákẹ́, ó sì ṣe mí láǹfààní. Mo ti dàgbà tó ìyá àgbà báyìí, òun sì kú láìmọ òtítọ́. Ní Ẹtì Rere tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n kó lọ, orí ẹja ni ìyá àgbà bù fún mi, ó ní ọmọ tó ṣeé rán níṣẹ́ ni mí. Mo kúnlẹ̀ gbà á.