Irọ́ Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Lorraine

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Odessa Pettiford fi ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù inú kámẹ́rà ní Rochester níbí, ní Amẹ́ríkà, iná kì í tàn ní ẹ̀ka tiwọn, torí ìmọ́lẹ̀ bíńtín ló ń ba ọjà jẹ́. Nígbà tí wọ́n dá wọn dúró, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó lọ sí Atlanta, òun tọrọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, èyí tí wọ́n fẹ́ jù sí ààtàn. Ó gbé wọn sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò níṣẹ́ fọ́tò, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Puerto Rico, ẹni yòówù tó bá ṣáà ti wá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́ tán, wọn a ta fọ́tò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ran àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ lọ́wọ́, torí ta ló fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo máa ń bá wọn gé páálí tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin òyìnbó kan tó ní ilé àfihàn àwòrán láàárín ìlú, Corinne Hale, wá bá Odessa.

"Ẹ gbé ọjà fọ́tò yín wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún yìí," ló wí. "Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń wá ọ̀nà àtiran àwọn ọ̀dọ́ yín lọ́wọ́."

Inú wa dùn. Àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn àti orúkọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, a sì kó fọ́tò méjìlélógún fún un.

Denisha Tolliver, ọmọ ogún ọdún, ló mọ iṣẹ́ náà jù nínú wọn. Fọ́tò ìyá rẹ̀ ló mú wá. Lorraine, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú, jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé rẹ̀, fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi, ó gbórí sókè, ó ń fi aládùúgbò kan rẹ́rìn-ín. Denisha pè é ní "Mọ́mì Mi Ti Tibi Iṣẹ́ Dé."

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ṣí àfihàn náà. Lorraine dé fìlà aláwọ̀ àlùkò tó fi ṣe ọdún Àjíǹde, ó rìn tààrà lọ síwájú fọ́tò ara rẹ̀. Ó ka káàdì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Obìnrin aláìnílé, lójú pópó. Akẹ́kọ̀ọ́ ló yà á."

"Denisha," ni Lorraine wí wẹ́rẹ́, "ta ni aláìnílé?"

"Mọ́mì, Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́!"

Mo sáré wo àwọn yòókù. Ramón, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, ya àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gẹrun fún wa láti ọjọ́ pípẹ́; ìyẹn ti di "ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé". Kò sí orúkọ ọmọ kankan níbì kankan.

Odessa ké sí Corinne. "Ìyáàfin, ta ló kọ ìsọkúsọ yìí?"

"Ẹ má bínú sí i," ni Corinne fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn tó ń ra àwòrán fẹ́ mọ ìrora tó wà nínú rẹ̀. A kàn tún un sọ díẹ̀ ni. Fún àǹfààní àwọn ọmọ náà ni."

"Ìrora wo?" ni Lorraine jágbe mọ́ ọn. "Ẹ̀rín ni mò ń rín! Ṣé o ò rí eyín mi ni? Gbogbo wọn ló yọ síta! Àtẹ̀gùn ilé mi nìyẹn, èmi fúnra mi ni mo ra ilé náà. Bóyá èmi gan-an ni mo fi bọ́ọ̀sì gbé ọ rí!"

Ọkùnrin kan tó mú ife wáìnì lọ́wọ́ sún mọ́ wa. Ó ní òun ti ra fọ́tò náà.

"A ó tà á fún yín," ni Odessa wí, "pẹ̀lú òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ nìyí, ẹ kí i."

Ọkùnrin náà wo Lorraine láti orí fìlà dé bàtà. "Ìtàn yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn," ló wí. "Bí kò bá sí i, mi ò rà mọ́." Ó yípadà, ó lọ bu wáìnì sí i.

Odessa kò pariwo. "Ẹ kó wọn kúrò lára ògiri," ló sọ fún àwọn ọmọ.

"Ẹ ti fọwọ́ sí ìwé!" ni Corinne ké.

"Mo fọwọ́ sí i kí o ta fọ́tò. Ṣé mo fọwọ́ sí i kí o ta ìyá ọlọ́mọ ni?"

A kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ mi, a lọ sílé Lorraine, a tò wọ́n mọ́ ọgbà iwájú ilé. Denisha jókòó sílẹ̀, ó ń tún orúkọ kọ, omijé ń kán sórí káàdì, ó ń tún òmíràn mú. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Lorraine yà síbẹ̀, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kí oòrùn tó wọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tà.

Mi ò ní purọ́ pé owó náà tó. Denisha ti fọkàn sí i pé òun máa gba ibi kan ṣe àfihàn tòun lọ́dún náà, kò bọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà títí di Oṣù Kẹsàn-án, kò fọwọ́ kan kámẹ́rà.

"Anti Odessa," ló wí lọ́jọ́ kan, "igi ni ǹ bá máa yà. Igi ò níyàá tí wọ́n máa bú."

Odessa gbé fíìmù méjì lé e lọ́wọ́, ó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Corinne ní tirẹ̀ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí wa, ó ní akọ̀wé òun ló ṣàṣìṣe. Lọ́dún yìí, ó tún ti rí àwọn ọmọ mìíràn láti apá ibòmíràn nínú ìlú. Lọ́jọ́ tó ṣí àfihàn tiwọn, Odessa wọ aṣọ dáadáa, èmi àti Denisha tẹ̀ lé e. Ó ń lọ láti fọ́tò kan dé èkejì, ó ń ka káàdì sókè ketekete, ó sì ń bi ọmọ tó bá dúró tì í léèrè pé:

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

Níbi fọ́tò kẹta, ọmọbìnrin kan mi orí pé rárá. Denisha yọ bírò nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí i.